FỌ́TÒ BÀBÁ JÁ LÓRU: ṢÉ ÒKÚ Ọ̀RUN LÓ Ń BÍNÚ NI, ÀBÍ ÌṢÓ NI KÒ DÁA?

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ pálọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, àgbà gan-an ni orí rẹ̀ wọ́ lára ògiri! Ẹni tó bá lọ kí èèyàn nílé ní Mushin, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó gbójú sókè díẹ̀. Fọ́tò bàbá onílé ń bẹ níbẹ̀: agbádá lọ́rùn, fìlà lórí, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, ojú ò rẹ́rìn-ín. Iyì ńlá ni. Àmọ́ apá ọ̀tún fírémù ga, apá òsì wálẹ̀, bíi mọ́tò tí táyà rẹ̀ kan ti jò.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará ilé ti ń rí i, ojú wọn ti mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó kà á sí, àfi ọjọ́ tó bá já.

Ó lè jẹ́ aago méjì òru, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Gbàà! Gíláàsì á fọ́ yángá, ọmọ á bú sẹ́kún, oníkálukú á fò dìde. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí ọ̀rọ̀ á ti di ariwo. Ìyá àgbà á ní bàbá ló ń bínú, pé látọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, wọn ò ṣe sàráà kankan fún un mọ́. Àbúrò ọkọ á ní àfi káwọn lọ wádìí lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Ìyáálé á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyàwó kejì ní àwòmọ́jú. Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, owó tó lè ra ìṣó tí yóò gbé gbogbo fọ́tò àdúgbò kọ́ á ti jáde lápò.

Kí wọ́n tó fẹjọ́ kan ẹnikẹ́ni, láyé tàbí lọ́run, ohun kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Kí wọ́n tan iná, kí wọ́n wo ògiri, kí wọ́n sì yí ẹ̀yìn fírémù síwájú. Nǹkan mẹ́ta péré ló gbé fọ́tò dúró: ìṣó tó wà lára ògiri, okùn tó wà lẹ́yìn fírémù, àti ibi tí wọ́n ti so okùn mọ́ igi. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ̀, èyí tó bá sì yẹ̀ á fi àpá sílẹ̀.

Bí ìṣó bá wà nílẹ̀, tí ihò rẹ̀ lára ògiri sì fẹ̀ bí ẹnu ife, ìṣó ló tu. Bí ìṣó bá wà níbi tó wà látijọ́, tí okùn já sí méjì, okùn ló gbó. Bí okùn bá wà lódidi, tí òrùka tó dì í mú ya kúrò lára igi, igi ló jẹrà tàbí kí ikán ti jẹ ẹ́ tán nínú. Òkú ọ̀run ò lọ́wọ́ sí i. Ìṣó, okùn àti igi ló ń rojọ́ níbẹ̀, ẹni tó bá fetí sí wọn kò ní bá ìyàwó ilé jà.

KÌ Í ṢE BÉBÀ LÁSÁN

Àwọn kan á ní, "Ẹ̀ẹ́tirí? Ṣebí fọ́tò lásán ni!" Kì í ṣe fọ́tò lásán o.

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún dáadáa tí àwọn ayafọ́tò aláwọ̀ dúdú ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. George da Costa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò l'Ékòó ní 1895. N. Walwin Holm, tó ti kọ́kọ́ ní sítúdíò ní Accra láti 1883, kó iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Èkó ní 1896. Nígbà náà, owó gọbọi ni fọ́tò, àwọn èèyàn ńlá ló ń yà á. Nígbà tó yá ni sítúdíò kún gbogbo ìlú, tí alákàrà àti alágbẹ̀dẹ náà ń wọ aṣọ tó dáa jù lọ, tí wọ́n ń lọ jókòó níwájú ẹ̀rọ.

Ní 1978, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague kọ ohun tó rí nípa fọ́tò láàárín àwọn Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts. Ìlá-Ọ̀ràngún wà lára ibi tó ti ṣe ìwádìí. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayafọ́tò á ya èyí tó kù, á sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sójú bébà kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bí èyí tó lọ bá jẹ́ ọkùnrin, tí èyí tó kù jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ ọkùnrin fún un, wọ́n á tún yà á. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe fún àwọn òbí tẹ́lẹ̀.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ń fi ìṣó ínṣì kan kọ́ sára ògiri! Bí ó bá já, tí omi tàbí gíláàsì ba ojú rẹ̀ jẹ́, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí òmíràn? Ọ̀pọ̀ sítúdíò ayé ọjọ́un ti kógbá sílé, ẹni tó ya fọ́tò ti kú, ẹni tí wọ́n yà náà ti lọ. Fíìmù tí wọ́n fi yà á ti bá ilẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìfarapa tún ń bẹ ńbẹ̀. Fọ́tò ńlá tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 90, bí gíláàsì rẹ̀ bá nípọn tó mìlímítà 3, gíláàsì yẹn nìkan wọn kílò 4. Bí wọ́n bá fi igi àti pátákó ẹ̀yìn rẹ̀ kún un, ó ti di nǹkan bíi kílò 5. Ìyẹn ni pé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 ni wọ́n gbé kọ́ sókè orí àlejò tó jókòó lórí àga. Omi kẹ́ẹ̀gì ò ní ẹnu tó mú, gíláàsì ní.

ÒGIRI KAN Ò JỌ ÒGIRI KEJÌ

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìṣó: kí èèyàn tó gbé òòlù, kó mọ irú ògiri tó fẹ́ kàn án mọ́.

Ògiri búlọ́ọ̀kù ló pọ̀ jù nígboro. Lára búlọ́ọ̀kù yìí ni bíríkìlà ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, tí wọ́n ń pè ní pílásítà. Pílásítà yẹn kò nípọn, ìdajì ínṣì tàbí kó lé díẹ̀ ni. Ìṣó kékeré tí wọ́n bá kàn, inú pílásítà ló ń dúró sí, kò dé ara búlọ́ọ̀kù rárá. Ó dà bí ẹni tó fi ọwọ́ di etí aṣọ mú, tó ní òun di ẹni tó wọ̀ ọ́ mú. Ìṣó tó yẹ ni ìṣó kọnkéré, èyí tí irin rẹ̀ le, tí kì í tẹ̀ bọ̀rọ̀, kó sì gùn tó ínṣì 2, kó lè kọjá pílásítà kó wọ búlọ́ọ̀kù.

Kí wọ́n tó kàn án, kí wọ́n fi eegun ìka kan ògiri níbẹ̀, kó-kó-kó. Bí ó bá ń dún bí igbá òfìfo ju ibòmíràn lọ, pílásítà ti ya kúrò lára búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Kí wọ́n sún síwájú.

Ìṣó kì í dúró gbọnrangandan. Kó dagun díẹ̀: kí orí rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ dorí kọ ìsàlẹ̀ nínú ògiri. Bí ẹrù bá ń fà á wálẹ̀, ṣe ni yóò túbọ̀ máa dì mọ́ ihò rẹ̀, okùn kò sì ní yọ̀ bọ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó ń kàn án, kó máa gbá a ní gbígbá kúkúrú, tó ṣe déédéé. Òòlù tó ń lọ sọ́tùn-ún sósì ló ń fẹ ihò, ihò tó bá sì ti fẹ̀ kò tún ní di ìṣó mú mọ́. Kó fi awò bo ojú rẹ̀. Ìṣó kọnkéré kì í tẹ̀, dídá ló máa ń dá, àfọ́kù rẹ̀ a sì máa fò. Ojú ò ní sípéà!

Bí fọ́tò bá wúwo gan-an, ìṣó nìkan ò tó. Kí wọ́n pe káfíńtà tó ní ẹ̀rọ tí ń lu ihò. Á lu ihò, á ti rọ́bà kékeré bọ̀ ọ́, á wá fi sukúrúù yí i. Bí sukúrúù ṣe ń wọlé ni rọ́bà ń fẹ̀, tó ń há mọ́ ihò. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ John Joseph Rawlings ló gbé irú rẹ̀ jáde ní nǹkan bí ọdún 1911, orúkọ rẹ̀ ni àwọn káfíńtà ṣì ń pè tí wọ́n bá ní rawl plug. Kí rọ́bà náà kọjá pílásítà o! Bí ó bá dúró sínú pílásítà, iṣẹ́ àṣedànù ni.

Ògiri amọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí wọ́n bá kan ìṣó mọ́ ọn, á kàn máa rọ́ wálẹ̀ bí gààrí ni. Wọ́n á gbẹ́ ihò tó jìn wọnú ògiri, wọ́n á ti èèkàn igi líle bọ̀ ọ́, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì tàbí amọ̀ tó ki dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ tán pátápátá. Ara èèkàn yẹn ni wọn yóò wá kan ìṣó mọ́. Kò sí ìkánjú níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù onípákó náà ńkọ́, níbi tí ìyá oníṣòwò ti gbé fọ́tò ara rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ọjà? Pákó ìbòjú máa ń tín-ín-rín, ìṣó á yọ sí òdìkejì. Kí wọ́n wá ibi tí òpó igi wà lẹ́yìn pákó. Orí ìṣó tí káfíńtà fi kan pákó mọ́ òpó máa ń tò léra wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orí ìlà yẹn ni kí ìṣó fọ́tò náà wà.

Ẹni tó háyà ilé, ẹnu dídùn ló máa fi ṣe é. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìṣó méjì péré ni mo fẹ́ kàn sí pálọ̀. Tí mo bá ń kó lọ, màá fi sìmẹ́ǹtì dí i, màá sì fi ọ̀dà kùn ún." Onílé tó gbọ́ èyí ṣáájú kò ní pariwo lẹ́yìn.

IBI TÍ WỌN Ò GBỌDỌ̀ KAN ÌṢÓ SÍ

Ikú ń bẹ nínú ògiri o! Wáyà iná mànàmáná tí wọ́n rì sínú ògiri sábà máa ń gba òkè swíìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sí àjà, tàbí kó gba ìsàlẹ̀ wọn. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ìṣó tàbí lu ihò sí ọ̀kánkán òkè tàbí ọ̀kánkán ìsàlẹ̀ swíìṣì, sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí gílóòbù ara ògiri. Wáyà mìíràn a máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ, láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí ìkejì, kí wọ́n yẹra fún ìlà yẹn náà. Bí iyèméjì bá wà, kí wọ́n pa iná ilé láti orí mítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n má gbọ́kàn lé pé "wọ́n ti mú iná lọ". Wọ́n lè dá a padà nígbà tí òòlù ṣì wà lókè!

Ògiri tó fẹ̀yìn ti balùwẹ̀ tàbí kíṣìnì, páìpù omi lè wà nínú rẹ̀. Ògiri tí òjò ń nà láti ìta, ọ̀rinrin ibẹ̀ á mú kí fọ́tò lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń là wọlé bá, á pa àwọ̀ fọ́tò. Òkè orí ibi tí ọmọdé ń sùn sí, kí wọ́n má gbé fọ́tò onígíláàsì síbẹ̀ láé, bó ti wù kí ìṣó rẹ̀ lágbára tó.

OKÙN TÓ TẸ́ JÙ LÓ Ń JÁ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí okùn ẹ̀yìn fírémù bá ṣe le tantan tó ni yóò ṣe lágbára tó. Irọ́ ni! Ẹ wo ọmọ méjì tó jọ gbé báàkẹ́ẹ̀tì omi kan láàárín. Bí wọ́n bá sún mọ́ ara wọn, ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Bí wọ́n bá jìnnà síra, tí apá wọn nà gbalaja, omi kan náà á fẹ́ẹ̀ yọ wọ́n lápá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni okùn fọ́tò.

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ fọ́tò kílò 5 yẹn, kí òrùka méjèèjì tí wọ́n so okùn mọ́ fi sẹ̀ǹtímítà 60 jìnnà síra, kí ìṣó kan sì gbé e. Bí àárín okùn bá ga ju òrùka lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15, apá kọ̀ọ̀kan okùn á máa ru ẹrù tí kò tó kílò 6. Bí wọ́n bá fà á le débi pé kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, apá kọ̀ọ̀kan á máa ru kílò 15! Fọ́tò ò yí padà, ìṣó ò yí padà, bí wọ́n ṣe so okùn nìkan ló sọ kílò 6 di 15. Ìdí nìyí tí òrùka fi ń fà ya lára igi.

Nítorí náà, kí wọ́n pín gíga fírémù sí mẹ́ta, kí wọ́n fi òrùka sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì níbi tí ìdá kìn-ín-ní láti òkè parí sí. Kí wọ́n fi sukúrúù dè é, kí wọ́n má fi ìṣó kàn án. Igi ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n dè é mọ́, kì í ṣe igi òkè, nítorí pé igi òkè lè ya ní igun bí ẹrù bá pọ̀ lórí rẹ̀. Kí okùn rọ̀ níwọ̀nba, kó dà bí òrùlé ilé nígbà tí ìṣó bá gbé e, àmọ́ kó má yọ lókè fírémù.

Okùn wo ló dáa? Okùn òwú máa ń jẹrà, eku sì fẹ́ràn rẹ̀. Okùn ọ̀rá máa ń ràn, lẹ́yìn oṣù mélòó kan fọ́tò á ti wálẹ̀. Wáyà tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin máa ń dípẹtà, àgàgà létí òkun. Wáyà tí wọ́n hun pọ̀ bí irun, tí kì í dípẹtà, òun ni ọ̀gá wọn. Kí wọ́n kì í bọ òrùka lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n wá lọ́ ìyókù mọ́ ara rẹ̀ dáadáa.

Àwọn bàbá wa fẹ́ràn kí fọ́tò wà lókè lókè, nítòsí àjà, kó dojú bolẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò. Kò burú. Bí òrùka bá ṣe wá sísàlẹ̀ tó ni fírémù á ṣe tẹ̀ síwájú tó. Bí òrùka bá sún sókè, á fara ti ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ kó tẹ̀, kó mọ̀ pé ìwọ̀n ni. Bí òrùka bá lọ kọjá àárín fírémù, fọ́tò lè dojú dé pátápátá.

KẸ́Ẹ̀GÌ OMI NI ADÁJỌ́

Kò sí ìyá ọjà kan tó ń ra ẹrù láìdán an wò. Kí ló dé tí wọn ò wá ń dán ìṣó wò? Lítà omi kan wọn kílò 1. Bí fọ́tò bá wọn kílò 5, kí wọ́n rọ omi lítà 10 sínú kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n fi okùn gbé e kọ́ sórí ìṣó náà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má ga ju ìka mẹ́rin lọ sí orí àpótí tí wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀, kó wà níbẹ̀ mọ́jú. Bí ìṣó ò bá mì, tí pílásítà ò là, kí wọ́n gbé bàbá sókè. Bí ó bá yẹ̀, omi ló dànù, fọ́tò kò bàjẹ́.

Ẹni tí kò mọ bí fọ́tò rẹ̀ ṣe wúwo tó, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní òṣùwọ̀n lọ́jà. Ìṣẹ́jú kan ni.

OMI KÌ Í PURỌ́, OJÚ LÓ Ń PURỌ́

Ó ti dúró dáadáa báyìí, ó ku kó tọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á kan ìṣó ná, wọ́n á gbé fọ́tò kọ́, wọ́n á ní "ó ga jù", wọ́n á tún yọ ọ́, wọ́n á tún kàn án. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ògiri ti dà bí ojú onílé-gbóná, ìyẹn ìgbóná ayé àtijọ́. Òǹkà ló ń gbani.

Kí àárín fọ́tò wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 150 láti ilẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ kó bá ojú ẹni tó dúró mu. Bí fọ́tò bá ga ní 90, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 45. Kí wọ́n fi ìka fa okùn sókè bí ìgbà tí ìṣó bá gbé e, kí wọ́n wọn ibẹ̀ dé orí fírémù. Ká ní ó jẹ́ 15. Wọ́n á ro 150 pọ̀ mọ́ 45, á di 195, wọ́n á yọ 15 kúrò, á ku 180. Ibi tí ìṣó máa wà nìyẹn, sẹ̀ǹtímítà 180 láti ilẹ̀. Ìṣó kan, ihò kan, iṣẹ́ parí.

Àmọ́ ìṣó kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kí fọ́tò máa wọ́. Ilẹ̀kùn á gbá, jẹnẹrétọ̀ á máa mi ilẹ̀, ọmọ á sá kọjá, fírémù á yọ̀ sápá kan díẹ̀díẹ̀. Ìṣó méjì tó jìnnà síra ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ni oògùn rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ lo méjì, ìka méjì tó jìnnà síra bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n fi fa okùn nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. Okùn tó bá gba orí ìṣó méjì kì í yọ̀ bọ̀rọ̀. Kí wọ́n tún gé rọ́bà kékeré méjì lára sílípáàsì tó ti gbó, kí wọ́n fi gọ́mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun méjèèjì ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn fírémù. Rọ́bà yẹn ò ní jẹ́ kó rìn, atẹ́gùn á sì máa ráyè gba ẹ̀yìn rẹ̀.

Kí ìṣó méjì wà ní dọ́gba-dọ́gba ńkọ́? Bíríkìlà ti yanjú ìyẹn tipẹ́. Rọ́bà gígùn tí èèyàn lè rí omi inú rẹ̀, wọ́n á rọ omi sí i, kí atẹ́gùn má há sí àárín rẹ̀. Wọ́n á gbé ẹnu rẹ̀ kan sí ìṣó kìn-ín-ní, ẹnu kejì sí ibi tí wọ́n fẹ́ kan ìkejì. Ibi tí omi bá dúró sí ní ẹnu méjèèjì, dọ́gba ni wọ́n, ì báà jẹ́ pé ilẹ̀ ilé náà dagun. Ẹni tí kò ní rọ́bà, kó so nọ́ọ̀tì irin mọ́ òwú, kó jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ títí tí kò fi mì mọ́, kó wá wo ẹ̀gbẹ́ fírémù bóyá ó bá òwú náà mu láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Nígbà mìíràn, omi á ní ó tọ́, ojú á ní ó wọ́. Àjà ilé ló dagun nígbà náà, pàápàá nínú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́. Bí fọ́tò bá jìnnà sí àjà, kí wọ́n gba ti omi. Bí ó bá sún mọ́ àjà pẹ́kípẹ́kí, kí wọ́n pín in sí méjì láàárín omi àti àjà, kí ojú lè sinmi. Bí fọ́tò bá pọ̀ tí wọ́n fẹ́ tò ó lọ ní ìlà kan, kí wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan sára ògiri ní ìbámu pẹ̀lú omi, kí wọ́n máa wọn gbogbo wọn láti ibẹ̀. Kí wọ́n má wọn ọ̀kan láti ara ìkejì, nítorí àṣìṣe díẹ̀ lára ti àkọ́kọ́ á di ńlá lára ti ìkẹfà.

KÍ WỌ́N TÓ GBÉ E PADÀ SÓKÈ

Ọjọ́ tí fọ́tò bá wà nílẹ̀ ni ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe kọ́pì rẹ̀. Lónìí tí fóònù wà lọ́wọ́ tẹrú-tọmọ, kí wọ́n gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ wà, kí òjìji má bọ́ sí i, kí ọmọ ilé tó mọ̀ ọ́n lò yà á dáadáa, kó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò gbogbo. Bí fọ́tò bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi agbára ṣí i, ojú bàbá ló máa bá gíláàsì lọ. Kí wọ́n yà á bẹ́ẹ̀ láti orí gíláàsì. Tuntun tí wọ́n bá ń ṣe, kí wọ́n ní kí onífírémù fi páálí tó gbẹ́ láàárín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí fọ́tò àti gíláàsì má fara kanra.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó, nígbà tí wọ́n bá ń gbọn jàǹkárìwọ̀ ilé sílẹ̀ de Iléyá tàbí Kérésì. Kí ẹnì kan di àga mú, kí ẹnì kejì gun un, kó sọ fọ́tò kalẹ̀, kó fọwọ́ mi ìṣó, kó fa okùn, kó kan igi wò bóyá ikán ti wọ̀ ọ́, kó nu ẹ̀yìn rẹ̀, kó lé ọmọńlé jáde. Ilé tó bá ń ṣe èyí lọ́dọọdún, òru ọjọ́ kan kò ní jí wọn pẹ̀lú "gbàà", ìyàwó kejì á sì sun oorun rẹ̀ ní àlàáfíà.